Asọ̀rọ̀mágbèsì: Ìtàn Àlùfáà Charles Coughlin àti Ohùn tí Kò Fẹ́ Èsì

Orúkọ kan wà tí àwọn àgbà wa fún ẹ̀rọ rédíò, tí ó sì bá a mu púpọ̀: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í gba èsì. Bí ó bá bú wa, a kò lè bú u padà. Bí ó bá purọ́ sí wa létí, a lè pariwo nínú iyàrá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní gbọ́. Lóde òní tí àwọn olùgbọ́ ń fi tẹlifóònù pe ilé iṣẹ́ rédíò, ẹnì kan lè rò pé orúkọ náà ti di ohun àtijọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì ni ó ń pinnu ẹni tí yóò sọ̀rọ̀, àti ìgbà tí a ó gé onítọ̀hún lẹ́nu.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ìbéèrè kan kì í yé wọlé sọ́dọ̀ wa, pàápàá bí ìdìbò bá ti ń súnmọ́: ǹjẹ́ ó tọ́ kí òjíṣẹ́ Ọlọ́run máa sọ̀rọ̀ òṣèlú lórí rédíò? Àwọn kan ń béèrè nítorí pé wọ́n fẹ́ kí á sọ̀rọ̀ sí i. Àwọn mìíràn fẹ́ kí á dákẹ́. Dípò kí á fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn, a rò pé ó yẹ kí á sọ ìtàn ẹnì kan tí ó ti rin ọ̀nà náà dé òpin rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Charles Edward Coughlin, àlùfáà Ìjọ Àgùdà ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ṣáájú rẹ̀, kò sí òjíṣẹ́ ìjọ kankan tí ohùn rẹ̀ dé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ohun rere wà nínú ìtàn náà, ohun ìtìjú sì wà nínú rẹ̀. A kò ní fi èyíkéyìí pamọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ ní Royal Oak

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1891 ni a bí Coughlin ní ìlú Hamilton, ní ilẹ̀ Kánádà. Ọdún yẹn gan-an ni Póòpù Leo Kẹtàlá kọ ìwé rẹ̀ tí a mọ̀ sí Rerum Novarum, níbi tí ó ti gbèjà àwọn òṣìṣẹ́ tí ó sì béèrè fún owó iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi gbọ́ bùkátà ilé rẹ̀. Ìwé yìí ni Coughlin yóò máa tọ́ka sí ní ọjọ́ iwájú. A fi í jẹ àlùfáà ní ọdún 1916. Ó ṣiṣẹ́ olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó kọjá sí agbègbè Detroit ní ìpínlẹ̀ Michigan, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò ti ń fa òṣìṣẹ́ wá láti ibi gbogbo.

Ní ọdún 1926, Bíṣọ́ọ̀bù Michael Gallagher rán an lọ sí Royal Oak, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Detroit, kí ó lọ dá ìjọ tuntun sílẹ̀ ní orúkọ Tèrésà Mímọ́ ti Lisieux, ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní ọdún 1925. Àwọn ìdílé tí ó bá níbẹ̀ kò pọ̀, gbèsè ilé ìjọ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ní àkókò náà, ẹgbẹ́ Ku Klux Klan, tí ó kórìíra àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn Júù àti àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà, lágbára ní Michigan. Coughlin fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé wọ́n wá sun àgbélébùú igi nínú ọgbà ìjọ òun láti fi dẹ́rù ba òun.

Kí ni ó ṣe? Ó tọ Leo Fitzpatrick lọ, ẹni tí ó jẹ́ alákòóso ilé iṣẹ́ rédíò WJR ní Detroit, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé kí ó máa sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ìkéde rẹ̀ àkọ́kọ́ wáyé ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 1926. Àwọn ọmọdé ni ó kọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ni ó sì ń kọ́ wọn. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó sì dùn gbọ́ létí. Kí á má gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ yìí: èsì ni ohùn náà kọ́kọ́ jẹ́. Ó ń fèsì fún ìkórìíra.

Nígbà tí ebi wọ ìlú

Ní ìparí ọdún 1929, ọjà ìpín ìdókòwò wó lulẹ̀ ní New York, ọ̀dá owó sì dé. Ilé iṣẹ́ ń tì, báǹkì ń wó. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1933, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ni kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ní oṣù Kejì ọdún náà, gómìnà Michigan pàṣẹ kí gbogbo báǹkì ìpínlẹ̀ náà ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó fi òógùn ojú kó owó jọ fún ogún ọdún kò rí kọ́bọ̀ gbà.

Nínú ìpọ́njú yìí ni Coughlin yí ohùn padà. Láti ọdún 1930 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ètò kọ́múnístì, nípa àwọn oníbáǹkì, àti nípa ìjọba Ààrẹ Herbert Hoover. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi ọ̀rọ̀ líle sọ nípa owó àti wúrà, òun sọ ọ́ bí ẹni tí ó jókòó pẹ̀lú ìdílé kan nídìí oúnjẹ alẹ́. Ó sọ pé ìyà tí ń jẹ òṣìṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀bi òṣìṣẹ́ náà. Fún baba tí ó ti ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi nítorí pé kò lè bọ́ ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí tù ú lára gidigidi. Òótọ́ sì ni.

Ní ọdún 1930, ilé iṣẹ́ CBS gbé ètò rẹ̀ dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó rọ̀ ọ́, kò gbà. Ní ọdún 1931 wọn kò tún àdéhùn ṣe pẹ̀lú rẹ̀ mọ́. Níbí ni ó yẹ kí á fara balẹ̀ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Coughlin fi owó tirẹ̀ ra àkókò lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú okùn tẹlifóònù, tí ó fi jẹ́ pé ohùn rẹ̀ ń jáde ní ìlú púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Níbo ni owó náà ti wá? Láti ọwọ́ àwọn olùgbọ́ ni, dọ́là kọ̀ọ̀kan nínú àpò ìwé. Lẹ́tà pọ̀ débi pé ó ní láti gba akọ̀wé tí ó ju 100 lọ láti máa ṣí wọn. Àwọn òpìtàn kan fojú bù ú pé àwọn tí ń gbọ́ ọ tó 30 mílíọ̀nù nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn jùlọ, ní orílẹ̀-èdè tí àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 123 mílíọ̀nù ní ọdún 1930.

Nítorí náà, kò sí ọ̀gá lórí rẹ̀ nínú iṣẹ́ rédíò. Àwọn tí ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́, owó náà sì ń ra ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń pa lára kò sí nínú àpò ìwé kankan. Alábòójútó kan ṣoṣo tí ó kù ni bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù náà sì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti alátìlẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fàdákà

Ní ọdún 1932, Coughlin ti Franklin Roosevelt lẹ́yìn. Ó ń kéde fún àwọn ènìyàn pé bí kò bá ṣe Roosevelt, ìparun ni. Nígbà tí Roosevelt wọlé, àlùfáà náà retí pé a ó máa pè òun sí ìmọ̀ràn. Ààrẹ rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n kò fi ilé lé e lọ́wọ́.

Ọ̀kan nínú ohun tí Coughlin ń wàásù rẹ̀ ni pé kí ìjọba sọ fàdákà di owó padà, kí owó lè pọ̀ ní ìlú kí gbèsè sì fúyẹ́ lọ́rùn àwọn àgbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1934, ilé ìṣúra ìjọba gbé orúkọ àwọn tí wọ́n kó fàdákà pamọ́ jáde. Orúkọ akọ̀wé Coughlin, Amy Collins, wà níbẹ̀: ó ti fi owó ẹgbẹ́ rédíò àlùfáà náà ra àdéhùn fàdákà tí ó tó 500,000 ọ́ùnsì. Bí fàdákà bá wọ́n, bí àlùfáà náà ti ń wàásù, èrè ńlá ni yóò jẹ́ fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò rú òfin. Ṣùgbọ́n àwọn olùgbọ́ tí ó fi dọ́là kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ kò mọ̀ nípa rẹ̀ títí ìjọba fi sọ ọ́. Coughlin bínú, ó sì bú àwọn tí ó tú àṣírí náà. Láti ìgbà yẹn lọ, a kò rí i kí ó gba ìbáwí ní ìrọ̀rùn mọ́.

Láti orí pẹpẹ dé pápá ìbò

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1934, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó pè ní National Union for Social Justice. Agbára ẹgbẹ́ náà hàn ní oṣù Kìíní ọdún 1935, nígbà tí Roosevelt fẹ́ kí Amẹ́ríkà darapọ̀ mọ́ Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé. Coughlin ní kí àwọn olùgbọ́ òun tẹ wáyà sí àwọn aṣòfin wọn, wáyà sì ya bo Washington bí òjò. Nígbà tí wọ́n dìbò ní ọjọ́ 29 oṣù náà, 52 gbà, 36 kọ̀. Kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta tí òfin béèrè. Coughlin nìkan kọ́ ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n gbogbo olóṣèlú ni ó rí ohun tí ohùn kan lórí rédíò lè dá dúró.

Ní ọdún 1936, ó bá àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ òṣèlú Union Party sílẹ̀, wọ́n sì fa William Lemke sílẹ̀ láti bá Roosevelt du ipò ààrẹ. Ní ìlú Cleveland, ní oṣù Keje, níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, àlùfáà náà bọ́ ọ̀já ọrùn rẹ̀ tí a fi ń dá àlùfáà mọ̀, ó sì pe ààrẹ orílẹ̀-èdè náà ní òpùrọ́. Ó tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹyin ni ohùn. Bí ó bá ti fọ́, kò ṣeé kó. Ó ṣèlérí pé bí òun kò bá rí ìbò mílíọ̀nù 9 fún Lemke, òun yóò fi rédíò sílẹ̀.

Nínú oṣù Kẹwàá ọdún náà ni èsì ńlá kan wá láti inú Ìjọ Àgùdà fúnra rẹ̀. Àlùfáà John A. Ryan, olùkọ́ àgbà tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ nípa owó iṣẹ́ tí ó tọ́ sí òṣìṣẹ́, lọ sórí rédíò, ó sì ṣàlàyé pé ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé tí Coughlin ń kọ́ àwọn ènìyàn kò tọ̀nà, kò sì bá ìwé àwọn póòpù mu. Lẹ́tà ìbínú rọ̀ dé bá Ryan. Àwọn tí ó kọ wọ́n kò fẹ́ gbọ́ pé ẹni tí ó fẹ́ràn tálákà lè tako ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ fún tálákà.

Nígbà tí a ka ìbò ní oṣù Kọkànlá, Roosevelt borí ní ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Ìbò Lemke kò tó 900,000. Coughlin kéde pé òun ti fi rédíò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní ọdún 1937, Bíṣọ́ọ̀bù Gallagher kú, Coughlin sì padà sórí afẹ́fẹ́ nínú oṣù kan náà, ó ní ìfẹ́ ọkàn bíṣọ́ọ̀bù náà ni.

Ọjọ́ tí ohùn náà di ti àwọn tí ó sun àgbélébùú

A ti dé ibi tí ó nira láti sọ. Ẹni tí ó ti ṣèlérí fún àwọn ènìyàn pé ìyà yóò dópin, tí ìyà kò sì dópin, ní láti sọ ẹni tí ó fa ìdádúró náà. Coughlin ti kọ́kọ́ dárúkọ àwọn oníbáǹkì, ó dárúkọ Hoover, ó dárúkọ Roosevelt. Nígbà tí ó di ọdún 1938, odindi ẹ̀yà kan ni ó ń dárúkọ: àwọn Júù.

Ní àárín ọdún náà, ìwé ìròyìn rẹ̀, Social Justice, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ayédèrú kan tí a ń pè ní Protocols of the Elders of Zion jáde, ìwé tí ó sọ pé àwọn Júù ń gbìmọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ láti gba ayé. Láti ọdún 1921 ni ìwé ìròyìn The Times ti London ti fi hàn pé ayédèrú ni. Coughlin kò wí pé òun ò gbọ́. Ohun tí ó wí ni pé yálà ayédèrú ni tàbí kì í ṣe ayédèrú, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ń ṣẹ.

Ní òru ọjọ́ 9 sí 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1938, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Hitler ní Jámánì sun ọgọ́rọ̀ọ̀rún sínágọ́gù, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn Júù, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó nǹkan bí 30,000 ọkùnrin lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni. Ní ọjọ́ 16 oṣù náà, àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn aṣáájú Ìjọ Àgùdà ní Amẹ́ríkà péjọ sórí rédíò, wọ́n sì dá ìwà ìkà náà lẹ́bi láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 20, Coughlin gbé ohùn sókè. Ó ní ètò Násì jẹ́ ààbò tí Jámánì fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ kọ́múnístì, ó sì di ẹ̀bi kọ́múnístì ru àwọn Júù. Ní New York, ilé iṣẹ́ WMCA sọ fún àwọn olùgbọ́ lójú ẹsẹ̀ pé àṣìṣe wà nínú ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọ̀ láti máa gbé ètò rẹ̀ jáde. Ní oṣù Kejìlá, Kádínà George Mundelein ti Chicago kéde pé Coughlin kò sọ̀rọ̀ ní orúkọ Ìjọ Àgùdà. Nínú oṣù kan náà, àpilẹ̀kọ kan jáde ní orúkọ Coughlin nínú Social Justice. Àwọn ibì kan nínú rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ tí Joseph Goebbels, olùpolongo Hitler, sọ ní ọdún 1935 mu gbólóhùn sí gbólóhùn.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí. Ẹni tí ó bọ́ sórí rédíò láti fèsì fún àwọn tí ó kórìíra ìjọ rẹ̀ ti wá di ẹni tí ń sọ irú ọ̀rọ̀ tí àwọn yẹn ń sọ. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n pe ara wọn ní Christian Front ń ta ìwé ìròyìn rẹ̀ ní títì New York, ìjà sì ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn Júù. Àwọn ènìyàn tí ebi pa, tí wọ́n wá ìtùnú, ni a fi ìkórìíra bọ́.

Bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe dé

Kì í ṣe ọlọ́pàá ni ó kọ́kọ́ pa ohùn náà. Ní ọdún 1939, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò Amẹ́ríkà fohùn ṣọ̀kan lórí ìlànà tuntun: wọn kò ní máa ta àkókò fún ọ̀rọ̀ tí ó ní àríyànjiyàn mọ́, wọn yóò máa fi í fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, kí ìhà méjèèjì lè sọ̀rọ̀. Ìlànà yìí gba ọ̀pá ìdúró lọ́wọ́ Coughlin, nítorí rírà ni gbogbo ilé rẹ̀ dúró lé. Ní ọdún 1940, ó kúrò lórí afẹ́fẹ́. Ìwé ìròyìn rẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ títí Amẹ́ríkà fi wọ ogun. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1942, ilé ìfìwéránṣẹ́ gba àǹfààní ìfìwéránṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Edward Mooney, ẹni tí ó rọ́pò Gallagher, fi pàṣẹ fún un pé kí ó fi gbogbo ọ̀rọ̀ òṣèlú sílẹ̀ tàbí kí ó fi iṣẹ́ àlùfáà sílẹ̀. Ó gbọ́ràn. Ó padà sí ìjọ rẹ̀ ní Royal Oak, ó ń ṣe ìrìbọmi, ó ń sin òkú, títí ó fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 1966. Ó kú ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 1979, ní ẹni ọdún 88.

Ìtàn irú iṣẹ́ náà kò dópin sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1949, àjọ tí ń ṣàkóso afẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan pé ilé iṣẹ́ tí ó bá gbé ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn jáde gbọ́dọ̀ fún ìhà kejì láyè. Ní ọdún 1987 wọ́n fagi lé ìlànà náà. Ní ọdún 1988, Rush Limbaugh bẹ̀rẹ̀ ètò òṣèlú rẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, kò sì kúrò lórí rẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 2021.

Ohun tí ìtàn yìí bi wá

Nígbà náà, ṣé kí òjíṣẹ́ Ọlọ́run dákẹ́? A kò rí ìyẹn kọ́ nínú ìtàn yìí. Ryan kò dákẹ́, àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí ó sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá kò dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ì bá sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Coughlin pàápàá kò ṣẹ̀ nígbà tí ó gbèjà òṣìṣẹ́. Ibi tí ó ti ṣìnà ni pé ó ṣètò ayé rẹ̀ débi tí kò sí ẹni tí ó lè fún un lésì. Owó rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó gbà á gbọ́ nìkan. Alábòójútó rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tí ó bá a wí di ọ̀tá. Àwọn baba wa sì wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún yí rédíò sí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ràn, yálà ó wọ aṣọ àlùfáà tàbí kò wọ̀ ọ́, ẹ béèrè ẹni tí ń sanwó àkókò tí ó fi ń bá yín sọ̀rọ̀, àti èrè tí yóò jẹ bí ẹ bá gbà á gbọ́. Ẹ wò ó bóyá ẹni tí ó ń bú lè dé ibẹ̀ kí ó sì sọ tẹnu rẹ̀ láìjẹ́ pé a gé e. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa ní ọjọ́ tí ó bá ṣíwọ́ láti sọ ohun tí ẹnì kan ṣe, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ irú ènìyàn tí ẹ̀yà kan jẹ́. Ọjọ́ náà ni ó yẹ kí á pa ẹ̀rọ náà, bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ dùn bí oyin.

Ní ti àwa tí a ń kọ̀wé, tí a sì ń sọ̀rọ̀ ní orúkọ ìjọ, ẹ̀kọ́ tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Kí á máa wá ẹni tí yóò sọ fún wa pé a ṣì í sọ, kí á tó wá ẹni tí yóò yìn wá. Bíṣọ́ọ̀bù Gallagher fẹ́ràn àlùfáà rẹ̀ gan-an. Bí ó bá ti fún un ní èsì nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì tutù, bóyá ìtàn tí à ń sọ lónìí ì bá jẹ́ ti àlùfáà kan tí ó gbèjà tálákà, tí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.